Tẹ́tírà Mọ́kànlá

Ọjọ́ Ẹtì ni ọsibítù ní Ìyá máa darí sílé, àmọ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú, bí Télọ̀ ṣe gbójú sókè níbi tó ti ń rán kọ́là aṣọ iléèwé kan, Ìyá ló rí lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbọ́ ìró ọkọ̀. Kò rí báàgì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dókítà ní kí n máa lọ," ni Ìyá wí jẹ́jẹ́. "Báàgì mi ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ayọ̀ ò jẹ́ kí Télọ̀ bèèrè ẹni tó ń gbé e bọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni, Ìyá nìkan ló sì kù fún un láyé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi dá Ìyá dúró lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹkún ló fi ń rán aṣọ. Ó dì mọ́ ọn. Ara Ìyá tutù, àmọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn, ṣé ara rẹ̀ á máa gbóná bí áyọ́ọ̀nù ni?

Nínú pálọ̀ tí Télọ̀ ti ń ránṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ni àpótí dígí Ìyá wà. Omi àti ewéko ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tó ń sẹ́ omi, àti tẹ́tírà mọ́kànlá, ẹja tí kò gùn ju ìka ọmọdé lọ, tí ìlà búlúù àti pupa ara wọn ń tàn yanran. Ọdún mẹ́rin ni Ìyá ti ń tọ́ wọn. "Ẹ̀yin lọmọ tí kì í bèèrè bàtà," ló máa ń sọ fún wọn. Láràárọ̀, á fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ kan dígí lẹ́ẹ̀mejì, á dúró díẹ̀, á tún kàn án lẹ́ẹ̀kan. Kọ́kọ́… kọ́. Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n á ti rọ́ wá síwájú, mọ́kọ̀ọ̀kànlá wọn, kó fún wọn lóúnjẹ.

"Màámi, ẹ ò kí àwọn ọmọ yín ni?" Télọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìyá sún mọ́ dígí. Àwọn ẹja náà sá. Igun ẹ̀yìn ni wọ́n fún ara wọn mọ́, lábẹ́ ewé, ibẹ̀ ni àwọ̀ wọn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, búlúù ṣí, pupa ṣí, títí wọ́n fi funfun bí omi ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣí báyẹn, àfi tí ilẹ̀ bá ṣú tàbí tí ẹ̀rù bá bà wọ́n.

"Wọ́n ti gbàgbé mi," ni Ìyá wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí lẹja fẹ́ rántí?"

Kò sí ohun tí Ìyá ò mọ̀. Ó mọ ibi tí wọ́n ń gbé iyọ̀ sí. Ó pe Télọ̀ ní "Abẹ́rẹ́ mi," orúkọ tí ẹlòmíràn ò gbọ́ rí. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Òrùka nìkan ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ó bọ́ sọnù.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn ẹja ò jẹun. Bí Ìyá bá wọ yàrá, àwọ̀ wọn á rọra padà. Bó bá ń jáde bọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dún, wọ́n á ti ṣí. Nígbà tó di ọ̀sán, Télọ̀ ò nílò láti wẹ̀yìn mọ́ kó tó mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà nínú ilé. Ó ń rán aṣọ lọ, ó rí i tí wọ́n funfun lójijì. Ìyá ti dúró sẹ́yìn rẹ̀. Kò gbọ́ èémí rẹ̀ rárá.

Ó pe ọsibítù, fóònù dún títí, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Ó pe ọkùnrin tó ta ẹja fún wọn.

"Omi yín ti bàjẹ́ ni?" ni ọkùnrin náà bi í.

"Omi mọ́ o. Ìyá mi ni wọ́n ń sá fún."

"Mádàámú, ẹni tó ń bọ́ wọn? Òjìji rẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Wọn kì í sá fún un."

Télọ̀ ò sùn. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Bó bá jẹ́ Ìyá ni, ọ̀ràn ńlá ló ń dá yìí, tó ń bẹ̀rù ẹni tó bí i. Bí kì í bá ṣe Ìyá ńkọ́? Níbo wá ni Ìyá wà?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìyá ti ilẹ̀kùn irin, ó sì di kọ́kọ́rọ́ mọ́wọ́.

"Da àwọn ẹja yẹn nù," ló wí. "Kó tó di ọ̀sán."

"Kí ni wọ́n ṣe, Màámi?"

Ìyá jókòó sórí àga tó wà lẹ́yìn Télọ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn.

Télọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, kò rán nǹkan kan. Dígí ló tẹjú mọ́. Ọ̀sán ń pọ́n bọ̀ nígbà tí ẹja kan yọ lábẹ́ ewé. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo wọn ti ya síta, wọ́n rọ́ lọ sí apá tó kọjú sí ilẹ̀kùn, búlúù ń tàn, pupa ń tàn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó jókòó sórí àga ò tíì dìde.

Ìró ọkọ̀ dún níta. Ẹnì kan ń bọ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan. Ó gbé nǹkan wúwo kalẹ̀, bí ẹni gbé báàgì. Lẹ́yìn náà, òrùka kan irin ilẹ̀kùn.

Kọ́kọ́… kọ́.

Télọ̀ ò lè yíjú. Àga dún lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni ń dìde. Ohùn Ìyá náà ni, jẹ́jẹ́, létí rẹ̀ gan-an:

"Mo rò pé wọ́n á ti gbàgbé rẹ̀ ni."