Ṣílè Tí Ẹkúndayọ̀ Fọ̀

Ẹkúndayọ̀ ń ra owó àtijọ́, ó sì ń tà á, ní ìtòsí ọjà Relief ní Onitsha. Ṣílè, sísì, tọ́rọ́, gbogbo owó onírin tí àwọn bàbá wa ná láyé òyìnbó ni ó mọ̀ bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀.

Nínú òwò yìí, ojú owó ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó dá iye lé e. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò ná rí, tí irun orí ọba ṣì hàn fọ́nrán fọ́nrán lára rẹ̀, ni Ẹkúndayọ̀ ń pè ní ojú-pé. Èyí tí ó ti rin ọjà díẹ̀ ni jẹ-díẹ̀. Èyí tí orí ọba ti di pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹwọ́ ni jẹ-tán. Ọdún kan náà ni wọ́n lù wọ́n, ṣùgbọ́n ojú-pé kan lè ra apẹ̀rẹ̀ jẹ-tán.

Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà. Bí ó bá ń rà, gbogbo owó ni jẹ-tán. Bí ó bá ń tà, gbogbo rẹ̀ ni ojú-pé. Síbẹ̀ òun ni ó ń gbé àpò ọrẹ kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì, nínú agbádá funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa.

Ní ọjọ́ kan, Mama Blessing, opó kan láti Odekpe tí ó ń ta ẹja gbígbẹ, mú ṣílè fàdákà kan wá. Ọkọ rẹ̀ ni ó fi í sílẹ̀ nínú àpótí, ó sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Owó ilé-ìwé ọmọ ni ìyá náà ń wá. Ẹkúndayọ̀ gbé ṣílè náà sójú. Kò sí fọ́nrán irun kan tí ó parẹ́. Ojú-pé ni!

"Mama, dis one don spoil o," ni ó wí. "Ẹ wo bó ṣe dúdú. Àánú yín ni mo fi máa rà á."

Owó gàrí ni ó fún un.

Àwọn tí ń fi owó àtijọ́ ṣe ẹ̀gbà ọrùn fẹ́ràn kí ó máa dán. Ẹkúndayọ̀ rò pé gbogbo oníbàárà ni ó rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ó mú eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́, ó fọ ṣílè náà, ó fi àkísà nù ún títí ó fi ń kọ mànà. Ó wá ránṣẹ́ pe Túndé, ọmọ ìjọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì tí ó ń kó owó àtijọ́ jọ.

Túndé fi díńgí tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó.

"Bọ̀dá Dayọ̀, ta ló fọ̀ ọ́?"

"Fọ kí ni? Bí wọ́n ṣe lù ú nìyẹn!"

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Ojú ọba ti họ, bí ẹni tí ológbò ya lójú. Dúdú tí ẹ nù kúrò yẹn ló fi hàn pé ọwọ́ kankan ò kàn án. Ká ní ẹ gbé e wá pẹ̀lú dúdú rẹ̀ ni, iye tí ẹ bá pè ni ǹ bá san. Ní báyìí, kò fi nǹkan kan sàn ju jẹ-tán lọ."

"Kò wá sí bá a ṣe lè tún un ṣe?"

"Ta ni yóò tún ojú ọba yà? Àfi ilé tí wọ́n ti lù ú."

Ibi tí wọ́n bá ọ̀rọ̀ dé nìyí tí Mama Blessing wọlé, ó gbé ẹja gbígbẹ dání.

"Nna m, mo wá dúpẹ́. Ohun tó ti bàjẹ́ lo rà nítorí tèmi. Chukwu gọzie gị! Ọlọ́run á bù kún ọ!"

Túndé wo ṣílè náà, ó wo Ẹkúndayọ̀, ó sì gbé ojú sílẹ̀.

Ìtìjú bo Ẹkúndayọ̀. Kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ rẹ̀ sí, ọwọ́ tí ó fi ń gbé àpò ọrẹ. Eérú ṣì wà ní èékánná rẹ̀.

"Mama, mo purọ́ fún yín. Kò bàjẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ìyá náà wò ó títí. Ó na ọwọ́, ó gbé ẹja rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. "Ọpẹ́ ni pé kò tíì dé inú ọbẹ̀ rẹ," ni ó wí, ó sì jáde.

Ẹkúndayọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Túndé kúnlẹ̀ tì í.

"Bọ̀dá, ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń fọ ara yín. Agbádá funfun, àpò ọrẹ. Bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ ni àwòrán Ọlọ́run lára yín ń họ. Ẹni tó dá yín nìkan ló lè tún un yà. Jésù kò ní kí ẹ dán kí ẹ tó wá. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò wẹ̀ yín."

Ẹkúndayọ̀ kò mọ àdúrà gígùn gbà ní ọjọ́ náà. "Jésù," ni ó wí, "jẹ-tán ni mí. Gbà mí."

Olúwa sì gbà á. Kí ọjà tó tú, Ẹkúndayọ̀ ti wà ní Odekpe, ó kó iye tí ojú-pé tọ́ sí lé Mama Blessing lọ́wọ́. Ìyá náà kò tíì bá a rẹ́rìn-ín títí di òní. Ẹkúndayọ̀ gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ wà ní ilé-ìwé, orúkọ tí Ẹkúndayọ̀ sì ń pe owó nígbà tí ó bá ń rà á náà ni ó ń pè é nígbà tí ó bá ń tà á.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, kí ni ìwọ fi ń fọ ara rẹ? Ṣé ọrẹ ni? Ṣé orúkọ rere ládùúgbò ni? Ènìyàn lè rí dídán rẹ kí wọ́n yìn ọ́. Ọlọ́run ń rí ibi tí ó ti họ.

Má dúró di ọ̀la. Fi eérú àti ọsàn sílẹ̀. Gbé ọkàn rẹ wá fún Jésù lónìí, pẹ̀lú dúdú rẹ̀.