Ìléròrò Ara Ọkọ̀ Fáwùmí

"Màámi, ìka ta ni wọ̀nyí?"

Tawheed ló bèèrè bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà jókòó ti ọkọ̀ ojú omi alára fáíbà tí bàbá rẹ̀, Láwàlì, dojú rẹ̀ délẹ̀ lẹ́yìnkùlé wọn, nítòsí odò Ògùn. Ìléròrò ti yọ létí ọkọ̀ náà, lọ́tùn-ún lósì, bí orí ìka ẹni tó rọ̀ mọ́ ọn láti inú omi.

"Omi ló wọ inú fáíbà," ni Láwàlì wí. Kò wo ojú Kùdírátù, ìyàwó rẹ̀. "Ọkọ̀ tó bá ti gbó kì í ṣàì léròrò."

Òun àti Fáwùmí ni wọ́n jọ ni ọkọ̀ náà. Nígbà òjò, odò gbé Fáwùmí lọ; Láwàlì nìkan ló padà wálé. Ẹfúnkẹ́mi, opó olóògbé, wá láti ọ̀nà Odeda, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọ ara ọkọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni tó tún un ṣe, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe nílé ọkọ òun bí ọkọ̀ bá ti sọ ènìyàn sómi.

"Ìyàwó wa, máa lọ sílé o," Láwàlì dáhùn. "Ṣé ọkọ̀ ló pa á ni?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Mo ti lọ. Ará ilé yín ni yóò bá yín fọ̀ ọ́."

Iṣẹ́ fáíbà kò fẹ́ ìkánjú. Bí a bá ti dá ìléròrò lu, a ó fi omi tó mọ́ ṣan ojú rẹ̀, oòrùn a sì mú un gbẹ dénú kí a tó dí i. Láwàlì dá wọn lu, ṣùgbọ́n kò lè wò wọ́n pẹ́. Kò ṣan wọ́n, ní tútù ló dí wọn. Omi tó tú jáde ń rùn kíkan, ó sì ta sí ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, gbogbo orí ìka Tawheed ti léròrò. Ara rẹ̀ gbóná bí iná. Ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì la ẹnu, ohùn àgbàlagbà ló jáde:

"Láwàlì, má fi àjẹ̀ ìtukọ̀ gbá mi lọ́wọ́ mọ́."

Ọmọ tí kò pe bàbá rẹ̀ lórúkọ rí.

"Bàbá Tawheed," Kùdírátù bi í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé ẹ gbá Fáwùmí lọ́wọ́ ni?"

"Ọkọ̀ náà ì bá dojú dé. Àwa méjèèjì ì bá kú." Láwàlì wọ yàrá iwájú lọ, ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Ìyá gbé kẹ́tù àlùwàlá àti ọ̀bẹ lọ sẹ́yìnkùlé. Ohun tí ọkọ rẹ̀ fi dí ìléròrò wọ̀nyí kò tíì le. Ó hú u kúrò, ó sì ṣan wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wẹ òkú lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Fáwùmí, ọmọ mi kò ṣẹ̀ yín. Ẹni tó ṣẹ̀ yín wà ní yàrá iwájú. N kò ní tilẹ̀kùn."

Nígbà tó padà wọlé, ìka ọmọ rẹ̀ ti ń jọ̀lọ̀. Ó dùbúlẹ̀ tì í. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ tútù fi kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn, tí omi ń kán tó, tó, tó.

"Fáwùmí, jọ̀ọ́..." Ohùn Láwàlì ni, láti yàrá iwájú.

Igi àjẹ̀ dún lórí egungun. Ó tún dún. Kùdírátù fa aṣọ bo etí ọmọ rẹ̀, ó sì rọra ń gbá a lẹ́yìn títí ìró náà fi dákẹ́, títí gbogbo ilé fi sùn.