Ta Ló Pa Ẹ̀rọ Omi Alàgbà Adéníjì?

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni wọ́n bá ẹja àrọ̀ Alàgbà Adéníjì ní Karu, tí wọ́n ń la ẹnu lórí ẹrẹ̀. Ẹ̀rọ tí í fa omi sí kòtò ẹja ò ṣiṣẹ́, kọntírólà tó ń pàṣẹ fún un ti jóná, ó ń rùn bíi rọ́bà tó jó. Ẹ̀ẹ̀kejì tó máa jóná rèé. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba yìí ò béèrè ohunkóhun, ó fi ọlọ́pàá mú Fuad, oníṣẹ́ iná tó so wáyà ẹ̀rọ náà.

"Ó fẹ́ máa fi àtúnṣe jẹun ni!"

Ìnsípẹ́kítọ̀ Mùnírátù mú Fuad padà wá bá Alàgbà àti ìyàwó rẹ̀ nílé. Obìnrin náà ti kọ́ iṣẹ́ iná rí, inú rẹ̀ sì ń dùn sí ọ̀ràn yìí ju bí ojú rẹ̀ ṣe fi hàn lọ.

"Fuad, ìwọ lo bà á jẹ́?"

"Rárá, mà. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹ dán an wò."

Mùnírátù kọ́kọ́ yọ bátìrì tó ń fún ẹ̀rọ náà níná. Ó wá fi mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò kan wáyà pupa àti dúdú tó lọ sí sẹ́ńsọ̀ tó ń ṣọ́ omi. Mítà ké fíìn.

"Wáyà méjèèjì ti kan ara wọn níbì kan."

Ó yọ sẹ́ńsọ̀ kúrò. Mítà ṣì ń ké. Ó tú ìdí wáyà lára kọntírólà. Mítà ò dákẹ́.

"Wáyà fúnra rẹ̀ ló jẹ̀bi."

Ó ń fọwọ́ tọ wáyà náà lára ògiri, títí nǹkan fi gún un lábẹ́ fèrèsé kan. Píìnì ni, olórí funfun, ó gún wáyà náà já sódìkejì.

"Ta ló ń sùn níbí?"

"Èmi ni," ni Ìyá Shalom, ìyàwó Alàgbà, dáhùn. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa wáyà o. Mo kàn gbọ́ tí Fuad ń sọ pé pupa àti dúdú ò gbọdọ̀ kan ara wọn."

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹsẹ̀ kankan ò tẹ ẹrẹ̀ abẹ́ fèrèsé yìí kí n tó dé, inú yàrá lọwọ́ ti jáde. Píìnì náà ò tíì dípẹtà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ló sì wà lára ìborí yín."

Ìyá Shalom fọwọ́ kan orí.

"Fèrè ẹ̀rọ yẹn ni! Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, á máa han sí mi létí lóru. Mo sọ títí, Bàbá Shalom ní ẹja ṣáájú. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, mo fẹ́ kó dákẹ́ lásán ni. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa mú ọmọ ọlọ́mọ."

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, mà."

Ojú ti Alàgbà. Ó di Fuad lọ́wọ́ mú. "Ọmọ mi, mo ṣì ọ́ mú. Má bínú."

"Ó ti tán, sà." Fuad ti ń na wáyà tuntun. Ó ti yọ kọntírólà mìíràn jáde látinú àpò iṣẹ́ rẹ̀. "Ibo ni kí n wá gbé fèrè sí báyìí?"

"Ìdí ìrọ̀rí Bàbá!" ni Ìyá Shalom pariwo.

Mùnírátù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sétí kòtò. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í jà nínú rẹ̀.