Sàlíhù Ní Kò Sọ́mọ Nílé Òun

Òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ní Múṣín, lọ́dún 1954, nígbà tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú kan tó ń jẹ́ Christopher yà sọ́dọ̀ Sàlíhù, ọkùnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mo wá kọ orúkọ àwọn ọmọ tó máa bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ọ̀fẹ́ bí ọdún bá yí."

Sàlíhù kò gbójú sókè nídìí táyà tó ń lẹ̀. "Kò sọ́mọ nílé yìí."

Ẹnu ya Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀. Kí ó tó sọ̀rọ̀, Sàúdátù, ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ti gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, ìka rẹ̀ sì ti kan etí òsì, torí wọ́n ti sọ fún un pé bí wọ́n ṣe ń mọ ọmọ tó tó lọ ilé ìwé nìyẹn.

"Bàámi, èmi ńkọ́?"

Christopher wo ọmọ, ó wo bàbá. "Ọjọ́ Jímọ̀ la máa parí o," ló wí, ó sì kọjá sí ojúlé kejì.

Kì í ṣe pé Sàlíhù kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló gba ìgboro: wọ́n ní ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ ìwé, ìjọba á kó o lọ sógun tó bá dàgbà. Sàlíhù sì mọ ogun. Ó jà ní Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì, ibẹ̀ ni irin ti wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ òsì. Kí ó tó lọ, ìjọba ṣèlérí iṣẹ́ àti ìtọ́jú fún un. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Àpápá, ìwé pélébé kan ni wọ́n fún un, wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Nírọ̀lẹ́, Àṣàkẹ́ lọ pe Làbákẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n," Làbákẹ́ bi Sàlíhù, "ta ló ní wọ́n máa kó wọn lọ sógun?"

"Gbogbo ayé ló ń sọ ọ́."

"Ta ló rí ìwé ìjọba tó sọ bẹ́ẹ̀?"

Sàlíhù ká ṣòkòtò sókè, ó fi ojú àpá hàn án. "Èyí lèmi rí. Ẹnu dídùn yìí náà ni wọ́n fi mú mi lọ. Wọ́n parọ́ fún mi, Làbákẹ́."

"Wọ́n ṣẹ̀ yín, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní sọ pé wọn ò ṣẹ̀ yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi Sàúdátù pamọ́, ta lẹ fìyà jẹ? Ìjọba ni àbí òun?"

"Tí wọ́n bá tún parọ́ ńkọ́?"

"Ẹ kọ orúkọ ẹ̀, ẹ gba ìwé ẹ̀rí, ẹ tọ́jú ẹ̀. Kẹ́ ẹ wá máa bi wọ́n: ilé ìwé ọ̀hún dà? Tíṣà dà? Ẹni tí ò forúkọ sílẹ̀, ẹnu wo ló fẹ́ fi béèrè? Ẹ má sì dá lọ. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n lè ṣe bí ẹni tí ò gbọ́."

Lọ́jọ́ kejì, Sàlíhù gbé Sàúdátù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó lọ bá Christopher, ó forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n júwe ibi tí ilé ìwé máa wà fóun. Nígbà tó débẹ̀, koríko ló bá. Inú bí i débi pé ó fẹ́ fa ìwé ẹ̀rí ya.

Kò fà á ya. Ọ̀dọ̀ Oyèníran káfíńtà ló gbà lọ, òun náà ti forúkọ ìbejì rẹ̀ sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òbí mẹ́tàlá ló tẹ̀ lé wọn lọ sí ilé ìgbìmọ̀. Wọ́n fèsì pé kọngílá tó gba iṣẹ́ ilé ìwé náà ló ń fi nǹkan falẹ̀. Àwọn òbí padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n tún padà lọ. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ògiri yọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún parí, wọ́n kan páànù.

Bẹ́ǹṣì kò kárí lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé. Orí ẹní ni Sàúdátù jókòó sí. Àmọ́ síléètì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tíṣà sì pe orúkọ rẹ̀.

Lóṣù kẹta, ibà kọ lu ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ gbé e lọ síbi tí Làbákẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, torí ìtọ́jú ọmọdé ti di ọ̀fẹ́. Èrò pọ̀, oògùn kan sì ti tán. Wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́bọ̀. Ó padà, ó sì rí i gbà.

Bí ara Sàúdátù ṣe ń yá, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá wa wo ẹsẹ̀ Bàámi náà."

Làbákẹ́ sorí kọ́. "Ọmọdé nìkan lọ̀fẹ́ yìí wà fún, ọkọ mi."

Sàlíhù gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. "Má wulẹ̀ banú jẹ́, Làbákẹ́," ló wí. "Tọmọ yìí ni ká kọ́kọ́ mú."

Ẹ̀yin òbí, tẹ́ ẹ bá gbọ́ àhesọ, ẹ lọ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ forúkọ ọmọ yín sílẹ̀ kí àkókò tó kọjá. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Tára ọmọ ò bá yá, ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ìjọba bá sì ṣèlérí, ẹ má pàtẹ́wọ́ lásán, ẹ má sì yínmú lásán. Ẹ kó ara yín jọ, ẹ lọ wo ibi tíṣẹ́ dé. Ohun tí a ò bá béèrè, wọ́n lè gbàgbé ẹ̀; ọmọ ọdún mẹ́fà ò sì ní dúró lọ́mọ ọdún mẹ́fà de ẹnikẹ́ni.