Ẹ̀rín Tó Di Ariwo Lójú Ẹ̀rọ

Súfèé bàbá rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Láti ìkóríta ni bàbá náà, oníṣẹ́ wẹ́dà, á ti máa súfèé bọ̀, inú ọmọ rẹ̀ á sì ti dùn kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Súfèé náà ṣì ń dún. Ìdùnnú tó máa ń ṣíwájú bàbá wọlé ni kò sí mọ́.

Ọmọ ọ̀hún ti dàgbà, ó ti wà ní kíláàsì àṣekágbá. Aláwàdà ni wọ́n ń pè é, nítorí kò sí ẹni tí kò lè pa lẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé bó bá délé, ògiri ló ń dojú kọ, tí ìwé á wà ní pípadé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò retí nǹkan kan mọ́, àní ọ̀la pàápàá.

Àwọn olùwádìí yunifásítì wá ń wá ọ̀dọ́ tí wọn yóò yẹ ọpọlọ wọn wò. Bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí i. Òun náà gbà, kí ẹnikẹ́ni má baà fura.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Aláwàdà, o gbé! Wọ́n á rí gbogbo ọmọbìnrin tó wà nínú orí ẹ."

"Ilẹ̀ á ṣú kí wọ́n tó kà wọ́n tán."

Síbẹ̀, kò fẹ́ kí ẹ̀rọ tú àṣírí òun. Ó pinnu pé òun á máa rẹ́rìn-ín ṣáá, kí ẹ̀rọ lè kà á mọ́ aláyọ̀.

Obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ dé fìlà oníwáyà lé e lórí, ó rọra ń fi ohun tútù yọ̀bọ̀ sábẹ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. "Bí àmì búlúù bá yọ níwájú rẹ, èrè, ìyẹn owó díẹ̀, lè tẹ̀lé e. Ìgbà tí o ń retí yẹn gan-an là ń wò. Iná mànàmáná inú ọpọlọ máa ń yí padà kí ohun rere tó dé. Lára àwọn mìíràn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú, ìyípadà yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀."

Àmì yọ. Aláwàdà la eyín sílẹ̀ gbàgàdà.

"Àbúrò, rọra. Iṣan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ ló ń pariwo lójú ẹ̀rọ. Mi ò rí ọpọlọ kankan."

"Ṣé ẹ̀rín ò dáa ni, Àǹtí?"

"Ó dáa, bó bá wá fúnra ẹ̀. Èyí tí o gbé wá látilé yìí, gbé e sílẹ̀."

Ó gbé e sílẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin náà pa ẹ̀rọ, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Kí lẹ rí níbẹ̀?"

"Ìlà wúruwùru. Ẹ̀rọ ò lè sọ bó ṣe ń ṣe ọ́. Ìwọ lo lè sọ ọ́."

Ó lè ní eruku ló kó sóun lójú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí, kò sí nǹkan tó ń wù mí mọ́."

Àwọn kan gbé òkúta ńlá, wọ́n ní alágbára làwọn. Ọmọ yìí sọ ẹ̀rín èké kalẹ̀. Ẹ bá mi kí i kú akin.

Obìnrin náà mú un lọ bá dókítà tó ń tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìyẹn ní ìtọ́jú wà, ṣùgbọ́n ìdánwò àṣejáde rẹ̀ lè dúró dọdún tó ń bọ̀, òun sì fẹ́ rí bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ̀rù wà: bàbá ti fi ọmọ yangàn fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Àìsàn ni, sísọ ọ́ síta sì ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwòsàn.

Aláwàdà tẹ ọ̀rọ̀ sí bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Níkẹyìn, ó fi ránṣẹ́:

"Bàbá mi, ara mi ò yá. Ẹ̀rín ni mo fi ń bò ó fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi lọ́dọ̀ dókítà. Mò ń retí yín."