Péńtà Tó Kórìíra Ọmọńlé

Ọkùnrin kan wà tó ń fi kíkun ilé jẹun. Péńtà ni wọ́n ń pè é níṣojú rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, Ẹsẹ̀-Ò-Gbélé ni àwọn bíríkìlà ń pè é, nítorí kò sí àga tó gbà á fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ láti ilé kan sí òmíràn. Ó ní yàrá àkọ́kọ́ móoru, èkejì ń rùn, ti ẹ̀kẹta, àwọn ará ibẹ̀ ń wo òun jù. Ẹ̀yin ará mi, yàrá ò ṣẹ̀ ẹ́. Ọkàn rẹ̀ ni kò ríbi jókòó.

Ọtí ló fi ń tan ọkàn náà. Bó bá mu ún, ara rẹ̀ á balẹ̀ díẹ̀. Bó bá dá lójú rẹ̀, á tún dìde.

Kò sí ohun tí Péńtà kórìíra tó ọmọńlé, ẹran kékeré tó máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Bó bá kun ògiri tán, tó ń dán, ọmọńlé á gba orí ọ̀dà tútù kọjá, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń buwọ́ lùwé. Ibi tó bá ti rí i ló ti ń pa á. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ṣì kéré, ó máa ń di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá mi. Ilé ẹ̀ náà nìyí.”

Ọmọ náà dàgbà. Lọ́jọ́ kan tí ìtìjú ìmutípara bàbá rẹ̀ sú u, ó da ọtí náà nù sí ẹ̀yìnkùlé. Péńtà ju àpò aṣọ rẹ̀ síta.

“Láti òní lọ, o kì í ṣọmọ ilé yìí mọ́.”

Ọmọ náà gbé àpò rẹ̀, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Oṣù mẹ́rin kọjá, Péńtà ò pè é. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ọtí gan-an ò lè mú un jókòó mọ́.

Ní ọ̀sán kan, ó wà lórí àkàbà, ó ń kun pálọ̀ ilé tuntun. Ó ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó parí nígbà tí ọmọńlé kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Péńtà ò sọ̀ kalẹ̀ kó sún àkàbà. Ó na ọ̀pá ìkunlé ọwọ́ rẹ̀ láti fi pa á, ó nà á títí. Ọmọńlé bọ́ sí kọ̀rọ̀, àkàbà yẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún Péńtà sì kán.

Nílé ìwòsàn, wọ́n di ẹsẹ̀ náà láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n ní kó lọ dùbúlẹ̀ nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ wá wo Ẹsẹ̀-Ò-Gbélé tí ilé gbà pẹ̀lú túláàsì. Ìyàwó rẹ̀ ò gbé ọtí wọlé. Péńtà ní kí wọ́n ṣí fèrèsé, ó tún ní kí wọ́n tì í. Ó ka gbogbo ìṣó tó wà lára àjà, ó tún un kà. Ọmọńlé kan sì wà níbẹ̀, lókè orí rẹ̀ gan-an. Péńtà ju bàtà lù ú. Bàtà padà wá bà á lórí ẹsẹ̀ tó kán.

Nígbà tí kò sí ohun mìíràn tó lè ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ó rí i tó ń gbé ẹ̀fọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹ̀fọn tó ń jẹ òun.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, tó sì máa ń wàásù, ẹni tí Péńtà máa ń pè ní Wòlíì Oníwáyà láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọkùnrin náà wá kí i. Ó bá a tó ń tẹjú mọ́ àjà.

“Kí lorúkọ ìyẹn?” Oníwáyà bi í.

“O ò mọ ọmọńlé ni?”

“Rọra pè é.”

Péńtà rojú. “Ọmọ. Inú. Ilé.”

“Ó dorí kodò sára àjà, kò jábọ́, torí Ẹni tó dá a fún un lóhun tó fi ń dìmú. Ó níṣẹ́, ó nílé. Ìwọ tẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, ilé kan ò gbà ọ́. Jésù ní ẹrú kì í gbélé títí, ọmọ ló ń gbé e. Ọ̀rẹ́ mi, o kun ilé gbogbo èèyàn, o ò tíì dé ilé Bàbá rẹ.”

“Mo lé ọmọ mi síta,” Péńtà sọ, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. “Ta ni yóò gba irú mi wọlé?”

“Jésù tó jẹ́ Ọmọ onílé ló bọ́ síta, wọ́n kàn án mọ́gi lẹ́yìn odi ìlú, kí ìwọ tó wà níta lè wọlé.”

Péńtà ò mọ àdúrà gígùn. Ó ní, “Bàbá, mo ti ṣẹ̀ ọ́. Ó ti rẹ̀ mí. Nítorí Jésù, jẹ́ kí n wọlé.” Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún pípẹ́, ó dùbúlẹ̀ láìwá ibi tó máa lọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé fóònù fún òun.

“Bàbá mi, ṣé ẹ ti mutí ni?” ọmọ rẹ̀ bi í.

“Rárá. Mo ti ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, máa bọ̀ nílé.”

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà dé pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó gbójú sókè, ó rí ọmọńlé lára àjà, ẹnu sì yà á.

“Ẹ ò pa á?”

“Ilé ẹ̀ náà nìyí,” Péńtà dáhùn.

Ìwọ tó ń ka ìwé pélébé yìí ńkọ́? Ó lè má jẹ́ ọtí ni tìrẹ. Ó lè jẹ́ pé ò ń pààrọ̀ iṣẹ́, ò ń pààrọ̀ ọ̀rẹ́, tàbí ìjọ gan-an lò ń pààrọ̀, síbẹ̀ ọkàn rẹ ò jókòó. Wo ògiri yàrá rẹ. Ọlọ́run tó wá ilé àti iṣẹ́ fún ẹran kékeré yẹn ò dá ọ láti máa ṣe àlejò kiri. Ronú pìwà dà, kí o gba Jésù gbọ́ lónìí. Má sọ pé ó dọ̀la. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni Péńtà rò pé ó kù fún òun láti parí ògiri yẹn, ẹlòmíràn ló sì wá kun ìyókù.