Yìnyín Wo Ni Làtíìfù Kó Kúrò?

Wọ́n ti wẹ òkú Làtíìfù tán ní mọ́ṣáláṣí kan ní Peckham, nílùú ọba, kí ẹnìkan tó sọ ọ́ jáde: "Wọ́n ní ṣe ló para rẹ̀." Nígbà tí Mìsítúrà, ìyàwó rẹ̀, fi máa padà délé ní Nunhead, ọ̀rọ̀ náà ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó wá kí i kún pálọ̀. Wọ́n ń bi ara wọn bóyá ó yẹ kí wọ́n kírun sí òkú náà lára. Bó bá wọlé, wọ́n á dákẹ́.

Kánádà ni Làtíìfù kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ wá. Òun àti Gilbert, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará New Cross, lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà òtútù. Adágún omi kan wà tó máa ń dì gbagidi, tí àwọn apẹja ń wa mọ́tò lọ sórí rẹ̀, kí wọ́n lè lu ihò síbẹ̀ kí wọ́n sì ju ìwọ̀ sínú omi. Àwọn méjèèjì ló ń la ọ̀nà mọ́tò yẹn, tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀nà náà já, Làtíìfù rì tòun ti ọkọ̀ rẹ̀.

Inspẹ́kítọ̀ Ojúọlá ni wọ́n rán wá láti tọpinpin ikú náà. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Kíṣìnì ló bá Mìsítúrà jókòó sí.

"Aunty, ọkọ mi ò para ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹni tó para ẹ̀ ni wọ́n máa máa pe àwọn ọmọ mi ní gbogbo Peckham yìí."

"Kí ló mú kó dá ẹ lójú?"

"Ọjọ́ tó kú gan-an ló pè mí látibẹ̀, ó bá mi jà lórí ọ̀dà àwọ̀ ewé tí mo fẹ́ fi kun kíṣìnì yìí. Ṣé ẹni tó fẹ́ kú ń jà lórí ọ̀dà?"

Ojúọlá wo ohun tí àwọn ọlọ́pàá Kánádà kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní Làtíìfù fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ pé òun ti wó ojú omi tó dì lọ́nà, pé ayé ti sú òun, òun ń lọ sinmi.

"Ta ló túmọ̀ rẹ̀ fún wọn?"

"Gilbert ni. Òun nìkan ló gbọ́ Yorùbá níbẹ̀."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn náà fúnra mi."

Mìsítúrà tẹ fóònù rẹ̀. Ohùn Làtíìfù jáde: "Mìsí, mo ti kó yìnyín ojú ọ̀nà tuntun kúrò. Ó ti rẹ̀ mí o. Jẹ́ kí n lọ wo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n wá sinmi. Àwọ̀ ewé yẹn ò dáa o!"

"Yìnyín wo ló kó kúrò?"

"Èyí tó bọ́ látòkè ni. Èyí tó bọ́ látòkè o, èyí tí omi dì o, orúkọ kan náà ló ń pè wọ́n. Ó ní èyí tó bọ́ látòkè dà bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì, kì í jẹ́ kí òtútù dé ìsàlẹ̀. Tí wọ́n bá kó o kúrò, omi á túbọ̀ dì, ọ̀nà á le."

A jẹ́ pé ṣe ló ń mú ọ̀nà le. Ojúọlá ní kí wọ́n pe Gilbert wá láti pálọ̀.

"Aunty, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Kí ni iṣẹ́ tìẹ lórí omi yẹn?"

"Èmi ni mo máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, káwọn awakọ̀ lè mọ ibi tí wọ́n máa gbà. Ọ̀nà àtijọ́ ti sán, la bá la tuntun."

"Ìgbà wo lo kó ẹ̀ka lọ síbi tuntun?"

"Ìrọ̀lẹ́, kó tó jáde. Ẹ wo fọ́tò tí mo yà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ̀ka wà lójú ọ̀nà tuntun, òun gba àtijọ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ni, Aunty. Ó dùn mí láti sọ ọ́."

"Ṣé yìnyín bọ́ lóru yẹn?"

"Há! Títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí mọ́tò mi mọ́."

Ojúọlá fẹ fọ́tò náà lójú. Yìnyín ga bí ìrọ̀rí lórí mọ́tò. Àwọn ẹ̀ka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, kò sí nǹkan kan lórí wọn.

"Yìnyín tó bo mọ́tò rẹ, kí ló dé tí kò kan ẹ̀ka kankan?"

"Atẹ́gùn ni, Aunty."

"Atẹ́gùn tó mọ ẹ̀ka gbọn, tí ò mọ mọ́tò gbọn?"

Gilbert nawọ́ kó gba fọ́tò náà padà.

"Àárọ̀ lo rì wọ́n mọ́lẹ̀," ni Ojúọlá wí. "Lálẹ́, ojú ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n ṣì wà. Yìnyín ti ń bo ọ̀nà méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Làtíìfù tẹ̀ lé ẹ̀ka rẹ, torí ó gbà pé o ti ṣiṣẹ́ rẹ. Nígbà tó rì, o kó wọn lọ síbi tuntun, o ya fọ́tò. O wá sọ fún ọlọ́pàá pé èyí tí omi dì ló wó. Ó ní ó rẹ òun, o ní ayé sú u. O sì yọ ọ̀rọ̀ ọ̀dà kúrò, torí kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tó máa gbà pé ó fẹ́ kú."

Gilbert jókòó wọ̀ọ̀. "Òtútù yẹn, Aunty... Ìka mi ò ṣeé ká mọ́. Mo ní n ó ṣe é tílẹ̀ bá mọ́. Mi ò mọ̀ pé ó tún máa jáde."

"Fún irọ́ tó o pa fún wa níbí, mo mú ẹ. Àwọn ará Kánádà á bi ẹ́ ní ìyókù."

"Mìsí, dákun..."

"Má pè mí ní Mìsí!" Mìsítúrà ti dìde. "Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì mú un lọ." Ó ṣílẹ̀kùn pálọ̀. Àwọn èèyàn dákẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Wọlé," ló sọ fún Gilbert. "Sọ fún wọn bó ṣe kú. Yorùbá ni kó o fi sọ ọ́, má sì yọ ọ̀rọ̀ kankan."

Gilbert dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá àgbàlagbà kan sún lórí àga, ó fọwọ́ gbá àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí Gilbert wá jókòó sọ ọ́.